Ìbuwọ́lù Keje

Mẹ́fà ti pé lórí fọ́ọ̀mù mi.
Ilé ìwòsàn buwọ́ lù ú, wọn ò wò mí lójú.
Alábòójútó ilé ìgbé ní kí n kọ́kọ́ dá kọ́kọ́rọ́ padà,
kọ́kọ́rọ́ tí kò ṣí ilẹ̀kùn kankan láti ọdún kejì.
Ó wá ku ilé ìkàwé.

Ìyá onígíláàsì yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi:
"Adétọ̀míwá, ìwé kan ṣì wà lọ́rùn rẹ.
Ìwé aláwọ̀ ewé, lórí èèpẹ̀. Ọdún kìíní lo ti yá a.
Lọ gbé e wá, tàbí kí o san ẹgbàárùn-ún náírà."

Káàdì mi ni. Ọwọ́ Abọ́sẹ̀dé ni.
Abọ́sẹ̀dé tí a jọ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan, orí sí ẹsẹ̀,
tí a jọ fi kọ́ńgò gàrí kan lo ọjọ́ mọ́kànlá,
tó máa ń sọ pé òun ti gbọ́ òórùn òjò Ifẹ̀
kí òjò náà tó kúrò ní Iléṣà.
Ìyanṣẹ́lódì oṣù mẹ́jọ ló dá a padà sílé.
Nígbà tí wọ́n ṣí géètì, gbogbo wa wọlé,
òun nìkan ni ò dé.

Mo wọkọ̀ lọ́jọ́ Tọ́sìdé.
A kọjá Òṣú, mo ń to ọ̀rọ̀ lẹ́nu:
bóyá kí n bínú díẹ̀, bóyá kí n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.
Ẹgbàárùn-ún kì í ṣe owó yẹpẹrẹ fún ọmọ fọkanáísà.

Wọ́n ti ní ó ń ránṣọ. Irọ́ ni.
Ẹ̀bá ọ̀nà ni mo ti bá a, ó lóṣòó
láàárín ọ̀rá dúdú tí mi ò lè kà tán:
kòkó, ọsàn, àgbọn tí kò tíì ga tó orúnkún.
Ó dì mọ́ mi. Ẹrẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ya àwòrán sẹ́yìn ẹ̀wù mi.

Ìwé náà wà lórí àpótí, okùn ló fi dì í.
Ewé inú rẹ̀ ti wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi,
ó sì ti kọ nǹkan kún gbogbo etí rẹ̀:
*Bàbá Ìbòdì, ilẹ̀ pupa, kì í gbomi dúró.*
*Ìyá Ẹ̀rìn, kòkó ń kú láti orí wálẹ̀.*
Lójú ewé kan, lẹ́ẹ̀mejì, ó fa ìlà sí i nídìí:
*Bi Tọ̀míwá tó bá dé.*

Ọdún mẹ́ta. Mi ò dé.

Bàbá kan gbé èèpẹ̀ wá nínú ọ̀rá búrẹ́dì.
Abọ́sẹ̀dé fi ìka rin ín, ó fi díẹ̀ kan ahọ́n,
ó wá nawọ́ èyí tó kù sí mi: "Kí lo rí?"
Mo mọ orúkọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè é.
Ojú ewé mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni mo kọ lórí irú rẹ̀.
Mi ò mọ ohun tí bàbá yẹn yóò gbìn sí i lọ́la.

"Ṣé kò sí o? Kí lo bá wá?"
"Mo kàn ní kí n yọjú sí ọ ni."
Ó ki ọsàn kékeré kan bọ̀ mí lápá, ó ní kí n má gba afẹ́fẹ́ ọkọ̀ láyè lára rẹ̀.

"Ìwé ńkọ́?"
"Ó ti sọnù, mà."
Mo ka owó sílẹ̀, owó tí mo fẹ́ fi di iṣẹ́ àṣekágbá mi.
Bírò ìyá náà ò kọ. Ó gbọ̀n ọ́n,
ó fi ẹnu rẹ̀ kan ahọ́n,
ó kọ.

Ọsàn ọ̀hún wà lójú fèrèsé wa báyìí.
Àdán ń tú jáde lórí igi, ilẹ̀ ń ṣú,
ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí wọ́n gba bẹ́ẹ̀dì.
Ìbíyẹmí bi mí pé ibo ni mo fẹ́ gbìn ín sí.
Mo bu omi sí i nídìí.